Igi Kì Í Yà Fún Ẹnikẹ́ni: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Pápá Disc Golf Inú Igbó ní Appling

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín o. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni eré ìdárayá tí gbogbo ìdílé lè jọ ṣe nílùú Atlanta àti agbègbè rẹ̀. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù lọ̀pọ̀ yín ń retí, tàbí gígun Stone Mountain. Àwo rọ́bà tí à ń jù láàárín igi páìnì ni èmi bá wá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán ká tó máa bọ̀.

Disc golf ni wọ́n ń pe eré náà. Ọmọ ìyá gọ́ọ̀fù ni, àmọ́ kò sí ọ̀pá, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sì sí ihò nílẹ̀. Àwo pẹlẹbẹ lẹ ó mú lọ́wọ́, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21, tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà ju gíráàmù 180 lọ. Ẹ ó dúró lórí pèpéle kọnkéré, ẹ ó jù ú síwájú. Ibi tó bá sùn sí, ibẹ̀ náà lẹ ó ti tún un jù, títí yóò fi wọ inú agbọ̀n irin kan tí ṣéènì fi yí ká lókè. Agbọ̀n 18 ló sábà máa ń wà nínú pápá kan, ẹni tí iye jíjù rẹ̀ bá sì kéré jù ló borí. Ọmọ ọdún méje ò nílò òfin tó ju èyí lọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ed Headrick, tí wọ́n ń pè ní "Steady Ed", ni àwọn eléré yìí gbà ní bàbá wọn. Ilé iṣẹ́ Wham-O, àwọn tó ń ṣe Frisbee, ló bá ṣiṣẹ́. Ní 1975 ni wọ́n ṣí pápá àkọ́kọ́ tó fìdí múlẹ̀, ní Oak Grove Park ní La Cañada Flintridge, ní ìpínlẹ̀ California. Òpó lásán ni wọ́n ń sọ àwo lù nígbà yẹn. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó máa tẹ̀lé e: "Ó bà á!" "Irọ́ ni, kò bà á!" Àríyànjiyàn ọ̀hún ò tán. Headrick bá ronú kan ṣéènì. Bí àwo bá ti lu ṣéènì, agbára rẹ̀ á pin, á já sínú agbọ̀n tó wà nísàlẹ̀, kò tún sí ìjà mọ́. Ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tó ṣe yìí ní 1977. Ó ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1976, ìyẹn PDGA (Professional Disc Golf Association), tó ń darí eré náà títí dòní. Nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni 001. Nígbà tó kú ní 2002, wọ́n po eérú òkú rẹ̀ mọ́ rọ́bà, wọ́n fi ṣe àwo, nítorí ohun tó fẹ́ nìyẹn. Mo ti ń gbọ́ "èèwọ̀!" látọ̀dọ̀ ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà níwájú. Mi ò ní bá yín jiyàn. Mo kàn ń sọ bí àwọn èèyàn náà ṣe fẹ́ràn eré wọn tó ni.

Ní báyìí, pápá tó lé ní 10,000 ló wà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ò jìnnà sí wa. Ẹ gba ọ̀nà I-20 síhà ìlà oòrùn. Ní nǹkan bíi wákàtí méjì àti díẹ̀, kí ẹ tó dé Augusta, ẹ ó yà sí Appling ní Columbia County. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà níbẹ̀ létí adágún ńlá kan, Wildwood Park. Orúkọ tí ìjọba àpapọ̀ kọ sí adágún náà ni J. Strom Thurmond, ṣùgbọ́n Clarks Hill làwọn ará Georgia ṣì ń pè é. Ẹni tó bá mọ irú olóṣèlú tí Thurmond, sẹ́nétọ̀ South Carolina nígbà kan, jẹ́ àti ohun tó sọ nípa àwa aláwọ̀ dúdú nígbà ayé rẹ̀ á mọ̀ pé ó yẹ kí èmi náà máa pè é ní Clarks Hill.

Inú ọgbà yìí ni International Disc Golf Center wà láti 2007. Ibẹ̀ ni olú ilé ẹgbẹ́ PDGA. Pápá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, agbọ̀n 18 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní: W.R. Jackson, Jim Warner, àti Steady Ed Headrick. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyésí wà, ibi tí wọ́n ti ń bu ọlá fún àwọn akọni eré náà wà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo náà wà. Augusta àti Appling ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé ní 2017, orí pápá W.R. Jackson sì ni wọ́n ti gba Champions Cup ní 2022. Chris Dickerson, ọmọ Tennessee, ló mú tọkùnrin. Kristin Tattar láti Estonia ló mú tobìnrin. Láti Estonia o! Orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ ò tó ti Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní Augusta yẹn kan náà ni ọ̀kan lára pápá gọ́ọ̀fù tí ayé mọ̀ jù wà, Augusta National. Ẹ ò lè gba fọ́ọ̀mù láti di ọmọ ẹgbẹ́ ibẹ̀. Àwọn ló ń pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ti Appling, owó ìwọlé tí kò tó nǹkan lẹ ó san lẹ́nu ọ̀nà. Pápá tí Tattar ti gba ife ẹ̀yẹ, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín lè ṣeré lórí rẹ̀ lọ́sàn-án òní. Eré ìdárayá mélòó ló ṣeé rí bẹ́ẹ̀?

Ó wá ku ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an. Àwọn kan nínú àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí gbà pé pápá inú igbó gbọ́dọ̀ rí bí igbó: kò gbọdọ̀ sí pátákó, kò gbọdọ̀ sí ìjókòó, kí olúkúlùkù wá ọ̀nà ara rẹ̀. Lójú tiwọn, ohun ìrọ̀rùn ń ba adùn igbó jẹ́. Èmi ò gbà. Bí igbó bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun ìrọ̀rùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí igbó ṣe le, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní pápá gbalasa, alágbára ló ni eré. Ẹ fa apá yín sẹ́yìn, ẹ jù ú tagbáratagbára. Bó yà sọ́tùn-ún, bó yà sósì, koríko ló máa bọ́ sí. Nínú igbó, igi kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó: orí pèpéle lẹ ti máa wá àlàfo tí àwo yín máa gbà. Àlàfo àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe agbọ̀n. Tí àlàfo kan bá fẹ̀ ní mítà 3, tó sì wà ní mítà 20 síwájú yín, bí àwo bá fi ju dìgírì mẹ́rin péré lọ yà kúrò láàárín, igi ló máa bá. Dìgírì mẹ́rin! Bí ọwọ́ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kékeré kan pẹ́ kó tó tú àwo sílẹ̀, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ó sì gbọ́ ọ: "Gbà!" Ìró yẹn ni orin igbó Appling. Ó máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lórí agbọ̀n tẹ́ ẹ ti kọjá àti ẹni tó wà níwájú yín, ìkéde ni pé ẹ̀yin nìkan kọ́.

Àwàdà kan wà lẹ́nu àwọn eléré yìí pé ìdá 90 nínú 100 igi, afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ ju àwo rẹ̀ gba àárín ẹ̀ka kọjá ni. Ìdá mẹ́wàá tó ṣẹ́ kù ló máa ń bá pàdé.

Nípa àwo fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tàn yín. Nọ́ńbà mẹ́rin ló sábà máa ń wà lójú àwo. Àkọ́kọ́ ń sọ bí eré rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìkejì ń sọ bó ṣe ń pẹ́ lójú afẹ́fẹ́ tó. Ìkẹta ń sọ bó ṣe máa ń tẹ̀ sọ́tùn-ún nígbà tí eré ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Ìkẹrin ń sọ bó ṣe máa ń ṣẹ́rí sósì bí eré bá ń tán lára rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú láti ìhà òsì wá síwájú, bí ẹni ń gba ẹ̀yìn ọwọ́ luni, ni mò ń wí. Ti ọlọ́wọ́ òsì á yí padà. Àwo tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 12 tàbí 13 ló máa ń wu àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa rà, nítorí wọ́n rí i tó ń fò lórí YouTube. Àmọ́ ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò lè fún un ní eré tó ń fẹ́, á kàn ṣẹ́rí sósì lójijì, ó di inú igbó. Èyí tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 2 títí dé 5 ló yẹ igbó. Kì í jìnnà púpọ̀, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ló ń lọ. Ẹ lọ wo àwọn tó mọ igbó gbà bíi Dickerson: níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń yọ àwo eléré líle, àwo jẹ́jẹ́ ló máa yọ, á sì tò ó gba àárín igi lọ bí ẹni fi okùn fà á.

Àwọn òfin kan tún wà tí igbó máa ń kọ́ni kíá. Bí àwo bá há sórí igi, abẹ́ rẹ̀ gan-an lẹ ó ti jù ú, láìsí ìyà, àyàfi bí olùdarí ìdíje bá ti kéde pé ìyà wà fún èyí tó há sókè ju mítà 2 lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka kankan láti fi la ọ̀nà fún ara yín. Ẹ lọ́ ara yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ kan jáde, ìyẹn ló bófin mu. Àwo tó bá sọ nù, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní láti fi wá a. Tí kò bá sí, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti jù ú kẹ́yìn, ẹ fi ẹyọ kan kún iye jíjù yín. Bẹ́ ẹ bá sì ti wà láàárín mítà 10 sí agbọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jù ú tán, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ síwájú. Ṣéènì á dún ṣàràràrà, ìró kejì tí mo fẹ́ràn nìyẹn.

Igi náà kúkú ń jìyà o. Bẹ́ ẹ bá rìn dé ìdí igi páìnì tó wà nítòsí pèpéle, ẹ wò ó dáadáa: èèpo rẹ̀ á ti họ ní ìhà tó kọjú sí pèpéle, ó kún fún ojú àpá kéékèèké tí ó gùn bí èékánná, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì ní ní nǹkan kan. Níbòmíràn wọ́n máa ń fi pákó tàbí àkísà rọ́bà wé ìdí irú igi bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ àwa tí à ń rìn káàkiri náà ń tẹ ilẹ̀ le mọ́ gbòǹgbò wọn lórí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da èèpo igi lílọ̀ sójú ọ̀nà, kì í ṣe tìtorí ẹwà.

Ó wá kan ohun ìrọ̀rùn. Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí pátákó. Ní pápá gbalasa, ẹ ó máa rí agbọ̀n lókèèrè. Nínú igbó, ọ̀nà á ṣẹ́ kọ̀rọ̀, agbọ̀n á wà lẹ́yìn òkè. Láìsí pátákó tó sọ bó ṣe jìnnà tó, iye jíjù tó yẹ kéèyàn fi dé ibẹ̀, àti ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́, ẹ kàn ń sọ òkò sínú òkùnkùn ni. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni ọfà tó ń júwe ibi tí pèpéle tó kàn wà. Pápá kan wà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, igbó rẹ̀ dára, àmọ́ kò sí ọfà kankan. Lẹ́yìn agbọ̀n kan báyìí, èmi àtàwọn tá a jọ lọ rìn, a rìn, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn la já sí. Ajá onílé ló kọ́kọ́ kí wa. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè rí fún aláwọ̀ dúdú mẹ́rin tó yọ lójijì sí ẹ̀yìnkùlé ẹni ẹlẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ọfà ń ba adùn igbó jẹ́, mo máa ń wò ó níran ni.

Ẹ tún wo pèpéle kọnkéré. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ Georgia, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò ní ṣàjèjì sí i. Bí òjò bá ti rọ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tó ń sáré gbéra láti ju àwo lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá orúnkún rẹ̀ nìyẹn. Pápá tó bá sì lórí pípé máa ń ní ju pèpéle kan lọ fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan: ti ọ̀gá lẹ́yìn pátápátá, ti ọmọdé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níwájú. Ẹ lo tiwájú, kò sí ẹni tó máa bi yín.

Ìjókòó ńkọ́? Eré inú igbó kì í yá. Àwọn tó wà níwájú á máa wá àwo, ẹ̀yin náà á máa dúró dè wọ́n. Wákàtí mẹ́ta lè lọ bí ẹ bá pọ̀. Ẹni ọdún 65 ò lè wà lórí ìdúró fún wákàtí mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn láìfepo bọyọ̀: ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọkùnrin á ní kí la tún ń ṣe wàhálà sí, ṣebí igi pọ̀. Ó rọrùn fún un láti sọ. Obìnrin ńkọ́? Ọmọ kékeré ńkọ́? Bàbá tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó gbọ́dọ̀ tọ̀ ní gbogbo ìgbà ńkọ́? Pápá tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti yan àwọn tó fẹ́ rí níbẹ̀, bí kò tiẹ̀ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti débi tí wọ́n kọ́ ọ sí, tí wọ́n wá ti àgádágodo mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù dìgbà tí oòrùn á mú. Ìyẹn burú ju kí wọ́n má kọ́ ọ lọ.

Ohun tí Wildwood ṣe ló mú kí n máa polówó rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ibi ìwẹ̀ wà, ibi ìpàgọ́ tó ní iná àti omi wà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn síbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ojú omi bọ inú adágún wà, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ọ̀nà tí wọ́n ń gun ẹṣin gbà náà wà. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kan àwo nínú ìdílé yín ò ní jókòó sínú ọkọ̀ kó máa tẹ fóònù. Ẹ di ìrẹsì yín sínú kúlà, kí àwọn kan máa pẹja, kí àwọn yòókù bọ́ sínú igbó.

Mo ti sọ tẹnu mi tán. Ẹ bi mí léèrè ohun tó bá kù.

Màmá kan bi mí bóyá ẹni tó ti lé ní 60 lè ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹgbẹ́ PDGA pàápàá pín ìdíje sí ọjọ́ orí: ti ẹni 40, 50, 60, 70 sókè. Nínú igbó, ọmọ yín tó ń gbé irin ní jímù lè máà ju yín lọ, nítorí agbára ò ní àyè láti fọ́nnu níbẹ̀.

Bùọ̀dá kan béèrè iye tó máa ná an. Àwo kan kì í sábà wọ́n ju dọ́là 10 sí 20 lọ, ẹyọ méjì tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan fún agbọ̀n nítòsí, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ẹ fi bírò aláwọ̀ tí kì í parẹ́ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sẹ́yìn rẹ̀. Nínú eré yìí, ẹni tó bá rí àwo yín he ló máa pè yín. Àṣà wọn ni.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá béèrè èyí tí gbogbo yín ti ń rò: ṣé ejò wà níbẹ̀? Ó wà. Georgia ni, igbó sì ni. Àmọ́ eégbọn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ sì yẹ ara wò bẹ́ ẹ bá délé. Ẹ yẹra fún ewé tó bá yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí igi ẹyọ kan, yíyún rẹ̀ kò kéré. Ti ejò, ẹ má ki ọwọ́ bọ inú ewé gbígbẹ tẹ́ ẹ ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ni kẹ́ ẹ fi tú u. Bí nǹkan bá sì mirí lábẹ́ ibẹ̀, ẹ fi àwo náà sílẹ̀ fún un. Dọ́là 15 ni, wọ́n ń ta òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù.